Ohun Tí Mo Kà fún Arẹwà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹwàá

Òjò ń rọ̀ láti ìdájí. Oníbàárà kan ṣoṣo ló wọ ṣọ́ọ̀bù, òun náà kàn wá sá fún òjò ni. Ìwé ìwọ̀n aṣọ yìí ṣì ṣẹ́kù ju ìdajì lọ, kò sì sẹ́ni tó ń wá rán ṣòkòtò mọ́. Ó dáa, ara mi ni n ó máa wọ̀n sínú rẹ̀.

A lọ rí dókítà ojú. Awọ funfun tó bo ojú Arẹwà méjèèjì ti nípọn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ á ká a kúrò, á sì ríran bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ọdún yìí parí lórí rẹ̀. Tó bá le jù, ọ̀bẹ ò ní ràn án mọ́. Ó wá dárúkọ iye tí a ó san. Mo ní, "Dókítà, ojú méjì péré ni ìyàwó mi ní o. Ẹ má ka ti àwọn nọ́ọ̀sì yín mọ́ ọn." Kò rẹ́rìn-ín. Arẹwà ló rẹ́rìn-ín.

A délé, a sọ fún Ọ̀gá Kékeré. Ọmọ-ọmọ wa ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Ó ń ta bàtà nílé ìtajà ńlá, tó bá sì dalẹ́ a máa pàṣẹ fún wa bíi pé òun ló bí wa. Ó ní òun á ṣí ojú ìwé ìdáwó sórí ẹ̀rọ ayélujára.

"Ṣé àwọn tí a ò mọ̀ rí ni yóò máa dáwó fún wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá àgbà."

"Kí la ó wá fún wọn?"

"Ẹ óò kàn dúpẹ́ ni."

Mo ní ìyẹn ò wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ọ̀gá Kékeré ya fídíò. Ó ní kí màmá àgbà òun jókòó sídìí máṣínì, kó ṣe bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Arẹwà mú òwú, ó fi ètè rin ín, ó fi ìka méjì lọ́ ọ, ó gbé abẹ́rẹ́ sórí ahọ́n láti mọ ibi tí ihò wà, òwú sì wọlé wọ̀ọ̀. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kódà nígbà tí ojú rẹ̀ ń rí èèrà láti òdì kejì títì. Yàrá tó ṣókùnkùn ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń lò, ọ̀gá náà sì láwun sí iná.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ní, "Ẹ wo ahọ́n yẹn dáadáa o. Tó bá ti parí sí abẹ́rẹ́, orí mi ló kàn."

Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ abẹ́rẹ́ nù. Èmi ni mo wá a. Ọ̀gá Kékeré ní fídíò náà dùn, pé òun ò ní gé ẹ̀rín yẹn kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Owó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn náà ń wọlé. Ẹnì kan tí a ò mọ ibi tó ń gbé kọ ọ́ pé, "Màmá, ojú yín á ríran, ẹ ó fi rí ọmọ-ọmọ yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó." Arẹwà ní kí n ka gbogbo rẹ̀ fún òun ká tó sùn. Mo kà á.

Ó ní, "Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Oòrùn yọ. Owó òwú tún ti lọ sókè, òwú dúdú wọ́n ju funfun lọ. Mo bi ọlọ́jà bóyá ilé ẹ̀kọ́ ni dúdú lọ. Ó ní kí n gbé owó kalẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ọ̀gbẹ́ni kan tó fi àwòrán ajá sí ibi tó yẹ kó fi ojú ara rẹ̀ sí kọ̀wé sábẹ́ fídíò wa. "Afọ́jú wo ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kíákíá báyìí? Ẹ má fún wọn lówó o. Arúgbó oníjìbìtì ni wọ́n." Títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń gbó tẹ̀lé e ti pọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rín Arẹwà kì í ṣe ẹ̀rín aláìsàn. Wọ́n pè mí lólè. Ẹnì kan kọ ọ́ pé kí ikú tètè wá mú ìyá yẹn lọ, kó lè sinmi irọ́ pípa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Arẹwà nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó bíi pé sinimá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, kí ni wọ́n sọ lónìí?"

Mo wo fóònù. Mo wo ojú rẹ̀ tó ń wo ibi tí mi ò sí.

Mo kà á pé, "Ta ló tún lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kíákíá báyìí? Ẹ fún wọn lówó o."

"Háà. Òmíràn ńkọ́?"

"Èyí ní kí ikú jìnnà sí ẹ, Màmá, kí o rí ìsinmi."

Ó ní, "Àmín. Ẹ tún un kà."

Ká kà á lẹ́ẹ̀kan rọrùn. Ìkejì ló ṣòro.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Ọ̀gá Kékeré ń fèsì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń to bàtà padà sínú páálí. Bó ṣe ń to ti ẹnì kan, ẹni méjì ń da tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ti mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lọ kọ ọ́ sórí ojú ìwé ilé ìtajà náà pé ọmọ olè ló ń wọ bàtà fún yín lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀.

Mo ní, "Kí ni ọ̀gá ẹ sọ?"

"Ó ní kí n fara balẹ̀."

"Ṣé o fara balẹ̀?"

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ n jẹun."

Kò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 18

Mo fún Ajá lésì lónìí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò síṣẹ́, mo wọ̀n ọ́n dáadáa kí n tó gé e. Mo kọ ọ́ pé: "Ó dáa, àṣírí ti tú. Ìyá yìí ríran ju ológbò lọ. Ó kàn ń díbọ́n kí n lè máa bá a fọ abọ́ ni." Èmi nìkan rẹ́rìn-ín títí, máṣínì ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ sí Arẹwà lójú lójoojúmọ́ ni, òun náà á sì dáhùn pé abọ́ ọ̀hún ò sì mọ́.

Mo mu tíì. Ó dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Ọ̀gá Kékeré wọlé lọ́sàn-án gangan, bẹ́ẹ̀ àṣálẹ́ ló máa ń dé. Ó na fóònù sí mi. Wọ́n ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ti kọ "Ọkọ rẹ̀ ti jẹ́wọ́" sórí rẹ̀ gàdàgbà, ó sì ti lọ yí ká ayé. Àwọn tó ni ìkànnì ìdáwó ti ti owó náà pa. Ẹnikẹ́ni ò lè fi kún un, àwa náà ò lè fọwọ́ kàn án.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni. Àwàdà ni."

"Ta ni ẹ ń bá ṣàwàdà?"

"Ajá."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn tó mọ̀ yín nìkan ló lè mọ̀ pé àwàdà ni. Mélòó ni wọ́n? Èmi, Màmá àgbà, àti ọlọ́jà tó ń ta òwú!"

Ó gba fóònù mi, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì lọ bá ẹ̀rọ tí kò lójú sọ̀rọ̀. Ẹnu tí mo fi fẹ́ Arẹwà, òun náà ni mo fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Mi ò tíì sọ fún un. Ó ń kọrin ní yàrá kejì, ó ń fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì tó jọra.

Ọjọ́rú, 20

Lẹ́yìn oúnjẹ ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, kí ni wọ́n sọ lónìí?"

Fóònù ò sí. Páálí bọ́tìnnì wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo nà án jìnnà sójú bí mo ṣe máa ń na fóònù, mo sì ń kà. Mo ní ọkùnrin kan wà tó ń tu ọkọ̀ ojú omi, ó wo fídíò náà láàárín òkun, gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sì ti ń fi ahọ́n ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ní ó kí i, pé nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, kó wá wo òkun.

Ó ní, "Ẹ tún un kà."

Mo ti gbàgbé bí mo ṣe tò ó. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Atẹ́gùn tutù ń wọlé lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Àwọn tó ni ìkànnì ìdáwó ní àfi kí dókítà kọ̀wé pé lóòótọ́ ni. Dókítà ti rìnrìn àjò, oṣù tuntun ló ń bọ̀. Ọ̀gá Kékeré ń kí mi bí ẹni ń kí onílé tí a jẹ lówó. Mo fọ gbogbo abọ́. Mo fọ èyí tó mọ́ pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ajé, 25

Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń lọ aṣọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ awò ojú dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fóònù sókè, kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé àdírẹ́sì ló ń wò.

Arẹwà gbọ́ ẹsẹ̀, ó jáde láti inú. Ó kọjú sí ère onígi tí a fi kóòtù kọ́, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Ère ò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Kóòtù lẹ fẹ́ rán ni?"

Ọ̀gbẹ́ni ọ̀hún wúkọ́. Arẹwà yí padà síbi tí ikọ́ ti wá, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ foríjì mí o, sà. Onígi yẹn ni. Gbogbo ìgbà ló máa ń dúró gba ìkíni oníkíni." Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ wá èjìká rẹ̀. Mo ti fi òwú rán kókó sára téèpù yẹn ní ìwọ̀n ìka mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa kà á. "Èjìká ọ̀tún yín ga ju òsì lọ. Ẹrù wo lẹ máa ń gbé?"

"Báàgì ni, mà."

"Ẹ máa pààrọ̀ apá. Ara á dùn yín lọ́jọ́ ogbó."

Ìgbà yẹn ni mo jáde, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ mi. Ó ń sáré ti fóònù rẹ̀ bọ àpò, kó tó wọlé ni mo rí ojú fóònù náà tó ń tàn: ajá wa ló jókòó síbẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì ró sánsán.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé sáré wá sí mi lẹ́nu. Mo ní ọ̀kan nípa eegun, mo ní ọ̀kan nípa ìrù, èyí tó jẹ́ ti ìrù dára púpọ̀. Mo rántí Ọ̀gá Kékeré. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀."

Arẹwà ní, "Bàbá, ṣé ó rẹ̀ yín ni? Ẹ ò tíì yọ oníbàárà lẹ́nu."

Ọ̀gbẹ́ni náà ń wò ó. "Mà, ṣé ẹ ò rí mi rárá ni?"

"Mo rí i pé ènìyàn dúró, ìmọ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe rẹwà tó ni mi ò mọ̀. Ọkọ mi ni mo máa ń bi, irọ́ ló sì máa ń pa fún mi."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún nù ún. Ó ní òun á padà wá rán ṣòkòtò. Ó lọ. Mo fi áyọ́ọ̀nù jó apá ṣẹ́ẹ̀tì kan, nítorí pé mo dúró tí mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 27

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ajá kọ ti pòórá. Ti àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọ̀gá Kékeré na fóònù tirẹ̀ hàn mí láti òkèèrè, kí n má baà fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún un pé ọ̀gbẹ́ni náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Ó wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ mọ̀ pé òun ni, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ibà ń ṣe mí. Ẹ̀rín wá pa á. Ó di etí mi mú, ó sì fà á bí mo ṣe máa ń fa tirẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Etí náà ṣì gbóná bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi sì dùn sí i.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kọkànlá

Dókítà ti dé. Ó kọ ìwé náà. Bó ṣe ń fọwọ́ sí i ló wò mí. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní ó ríran ju ológbò lọ?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo nọ́ọ̀sì wa ló ti kà á." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbé kálámù sílẹ̀, ó fọwọ́ di ikùn. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ!

Ọjọ́rú, 3

Ọ̀gá Kékeré ní fídíò mìíràn gbọ́dọ̀ wà, èmi ni n ó sì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Láìsí àwàdà, Bàbá àgbà. Ẹyọ kan báyìí, mo pa fóònù."

Mo jókòó sídìí máṣínì. Mo ní àwàdà ni mo kọ, mo sì tọrọ àforíjì. Mo ní, "Ojú ìyàwó mi ò ríran. Ó ti pẹ́ tó ti rí ojú mi kẹ́yìn. Mo ti gbó sí i láti ìgbà yẹn. Kò tíì rí i." Mo wá àwàdà tí n ó fi gbé ìyókù jáde. Mi ò rí i. Omi ló bọ́ lójú mi.

Mo ní kó jẹ́ ká tún un ṣe. Ó ní rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Wọ́n ti ṣí owó náà! Ọ̀gá Kékeré pariwo láti balùwẹ̀, ọṣẹ wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń bú wa kò dákẹ́ o, wọ́n ní omijé èké ni ti bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fúnni pọ̀ díẹ̀ jù wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Kò pé. Ó pé ojú kan. Dókítà ní kí a ṣe ọ̀kan, kí a máa wá tèkejì bọ̀. Mo bi Arẹwà èwo ló fẹ́. Ó ní èyí tó máa ń wà lápá ibi tí mo ń sùn sí.

Ọjọ́ Ajé, 15

Wọ́n ti gbé e wọlé. Àga gbọ̀ngán yìí le bí ọkàn ọlọ́jà òwú. Ọ̀gá Kékeré sùn lé mi léjìká. Mi ò mira.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Nọ́ọ̀sì tú aṣọ lójú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó sì tẹjú mọ́ mi. Ó pẹ́. Mo tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe.

Ó yíjú sí dókítà. "Ta ni bàbá yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọkọ mi."

Dókítà sáré gbé iná, nọ́ọ̀sì dìde. Ìgbà yẹn ni ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Arẹwà! Ó rẹ́rìn-ín títí dókítà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má da iṣẹ́ òun rú. Ó wá na ọwọ́, ó fi tọ́ àwọn ìlà ojú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ wò.

Ó ní, "Wọn ò rán èyí dáa tó. Ṣùgbọ́n mo gbà á."

Ọjọ́ Àìkú, 21

Oòrùn rọra yọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, Arẹwà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí Ọ̀gá Kékeré gbé fóònù wá.

Mo ní, "Dókítà ní o ò gbọdọ̀ wo fóònù."

Ọ̀gá Kékeré ní, "Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó wò mí, ó rántí ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo jókòó tì í. Kò síbi tí mo lè sá lọ. Èyí tó wà lókè pátápátá, mo rí i kedere ju bó ṣe yẹ kí arúgbó rí nǹkan lọ. Ẹnì kan tó fi òdòdó ṣe àwòrán ló kọ ọ́: "Arúgbó olè, ìwọ àti ìyá òpùrọ́ yẹn, ojú yín ò ní rí ire, ilé yín á jó."

Ètè rẹ̀ ń mira, kò sóhùn. Ó kà á dé òpin. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà. Ọ̀gá Kékeré di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

Arẹwà na fóònù jìnnà sójú, bí mo ṣe máa ń nà án, ó sì la ohùn.

"Èyí ní, 'Bàbá olóòótọ́, ìwọ àti ìyá àtàtà yẹn, ojú yín á rí ire, ilé yín á tòrò.'"

Mo wò ó. Ojú tuntun yẹn ò kúrò lára fóònù, kò ṣẹ́.

Ó ní, "Ọkùnrin tó ń tu ọkọ̀ ojú omi náà ti tún kọ̀wé. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára báyìí, kí n máa bọ̀ wá wo òkun." Ó mi fóònù díẹ̀ létí. "Ṣùgbọ́n fóònù yìí ò dún bíi tiyín, Bàbá. Tiyín ní bọ́tìnnì nínú."

Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀.

Mo ní, "Tún un kà."